Ìsinmi Ẹ́ńjìnì: Bí Ó Ti Yẹ Kí Ọkọ̀ Tutù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Líle

Gbogbo wa ni a ti kà á pé ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn. Ó ń gba inú ohun líle kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, gẹ́gẹ́ bí ṣíbí irin inú ẹ̀kọ gbígbóná ti ń gbóná títí dé ọwọ́ wa. Ó ń bá omi tàbí afẹ́fẹ́ tí ń ṣí kiri lọ, gẹ́gẹ́ bí omi inú ìkòkò ti ń ru láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè. Ó sì ń ta láti ara ohun gbígbóná láìfi ara kan ohunkóhun, gẹ́gẹ́ bí oòrùn ti ń ta wá lára. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò lè ka ọ̀nà mẹ́ta wọ̀nyí ní àkàsórí níwájú olùdánwò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá béèrè pé, "Tíṣà, kí ló dé tí dírẹ́bà fi jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa kùn lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró?" mélòó nínú wa ni yóò lè fi ẹ̀kọ́ náà dá a lóhùn?

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi mú ọ̀ràn yìí wá síwájú yín. Nínú àwọn ọmọ tí a ó kọ́, àwọn kan yóò di dírẹ́bà, àwọn kan yóò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, àwọn kan yóò sì ra ọkọ̀ fún òwò. A kì í ra ẹ́ńjìnì bí ẹni ra ẹ̀kọ. Owó tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lè ṣòfò sí i láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun kan sì wà tí ó ju owó lọ: omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnì a máa bó ojú àti ọwọ́ ọmọ ènìyàn, àpá rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí mú lọ. Nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnì, iná rẹ̀ ni a pa, a kò tíì pa ooru rẹ̀. Àwọn tí ń ru ooru náà jáde ni a sì dá dúró lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ni ó dúró lé.

1. IBI TÍ OORU TI Ń WÁ

Nígbà tí pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì bá gbiná nínú sìlíńdà, ooru ibẹ̀ a máa ju ìwọ̀n 2,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígírédì. Ẹ fi èyí wé omi híhó inú ìkòkò wa, tí kì í ju ìwọ̀n 100 lọ. Alumíníọ̀mù, tí a fi ń ṣe písítìn àti orí ẹ́ńjìnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, a máa yọ́ ní ìwọ̀n 660. Ó hàn gbangba nígbà náà pé bí kò bá sí ohun tí ń kó ooru kúrò láìdúró, ẹ́ńjìnì ìbá ti ba ara rẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà.

Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo tí a jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń di iṣẹ́ tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nǹkan bí ìdá kan ń bá èéfín jáde gba sàlẹ́ńsà. Ìdá kẹta ni ó ń wọ inú irin ẹ́ńjìnì lọ, òun ni a sì gbọ́dọ̀ kó jáde. Iye náà a máa yàtọ̀ díẹ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn wá pé ooru tí kò wúlò fún wa pọ̀ tó èyí tí ó wúlò, tàbí ó jù ú lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ní ilẹ̀ Èkìtì pẹ̀lú ẹrù iṣu, epo púpọ̀ ni ó ń jó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ooru púpọ̀ ni ó ń wọ inú irin. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń rìn jẹ́jẹ́, tí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí i ní iwájú kò pọ̀. Iṣẹ́ pọ̀, ìtura kéré. Ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ líle nìyí: òkè gígùn, ẹrù wúwo, eré àsápajúdé ní ọ̀sán gangan, tàbí iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ó mú kí ẹsẹ̀ máa yí láìlọ síwájú.

2. ÀWỌN ALÁÀÁRÙ MẸ́TA

A lè fi àwọn ohun tí ń kó ooru jáde wé aláàárù ọjà. Mẹ́ta ni wọ́n: omi, ọ́ìlì, àti afẹ́fẹ́. Omi ń yí ká inú ẹ́ńjìnì, ó ń gba ooru lára sìlíńdà, ó sì ń gbé e lọ sí rédíétọ̀. Ọ́ìlì ń dé ibi tí omi kò lè dé, bí abẹ́ písítìn àti ojú àwọn irin tí ń yí lórí ara wọn. Afẹ́fẹ́ ni aláàárù ìkẹyìn. Òun ni ó ń gba ẹrù lórí omi nínú rédíétọ̀, tí ó sì ń gbé e dànù sí ìta.

Kò sí ìgbà tí aláàárù wọ̀nyí kò sí, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìgbà kan gbọ́n tó báyìí. Nígbà tí Carl Benz ará Jámánì gba ìwé àṣẹ fún mọ́tò rẹ̀ ní ọdún 1886, ńṣe ni omi inú rẹ̀ ń hó, tí oru omi náà, èyí tí í jáde bí èéfín láti ẹnu ìkòkò, ń gbé ooru lọ. Èyí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Láti mú kílógíráàmù omi kan gbóná láti ìwọ̀n 20 dé ìwọ̀n 100, nǹkan bí 80 kílókálórì ooru ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n láti sọ omi híhó kan náà di oru pátápátá, nǹkan bí 540 ni ó ń gbà. Ẹrù ńlá ni oru omi ń rù. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú, níbi tí kò ti ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ wa.

Àléébù ọgbọ́n Benz ni pé omi ń tán kíákíá. Ní ọdún 1888, ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz, àti àwọn ọmọkùnrin wọn méjì wa ọkọ̀ náà láti Mannheim dé Pforzheim, ìrìn tí ó ju 100 kílómítà lọ. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà láti wá omi fún un. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1900, Wilhelm Maybach, tí òun náà jẹ́ ará Jámánì, ṣe rédíétọ̀ tí ó dà bí afárá oyin fún ọkọ̀ Mercedes. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò kéékèèké ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láàrin omi, tí omi díẹ̀ fi lè ṣe iṣẹ́ tí omi púpọ̀ kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀ Ford tí a ń pè ní Model T, èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 1908 títí di 1927, tí iye rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 15 lọ, ọ̀pọ̀ jùlọ ni kò ní pọ́ǹpù omi rárá. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ. Nítorí náà èyí tí ó gbóná a gòkè lọ sí orí rédíétọ̀, èyí tí ó tutù a sì rọ́pò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà kejì tí ooru ń gbà rìn nínú ìwé wa nìyí gan-an. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù di ohun tí gbogbo ọkọ̀ olómi ń ní. Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá kò tilẹ̀ lo omi. Fáànù ńlá kan àti ọ́ìlì ni ó fi ń tutù, títí wọ́n fi ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 2003.

3. OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ BÍ A BÁ PA Á LÓJIJÌ

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ̀ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tán, tí dírẹ́bà sì yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí ó fẹ́ lọ jẹun. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí pọ́ǹpù omi àti pọ́ǹpù ọ́ìlì. Bí ó bá dúró, àwọn méjèèjì a dúró. Bí bẹ́líìtì ni ó ń yí fáànù, òun náà a dúró. Afẹ́fẹ́ ìrìn ti dúró tẹ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ kò rìn mọ́. Aláàárù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹrù ńkọ́? Ẹrù wà nílẹ̀. Orí písítìn lè gbóná tó ìwọ̀n 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí omi tí ó yí sìlíńdà ká kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 90 lọ. Gẹ́gẹ́ bí òfin ooru, láti ibi tí ó gbóná jù ni ooru ń lọ sí ibi tí ó gbóná mọ níwọ̀n. Ó ń ṣàn láti inú irin sínú omi, omi náà kò sì lọ síbì kankan.

Nítorí náà ni omi inú ẹ́ńjìnì fi lè túbọ̀ máa gbóná fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí iná ti kú. Ẹni tí ó bá ṣe àkíyèsí yóò rí i pé bí ó bá tún ṣí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru hàn a ti gòkè ju ibi tí ó fi í sí lọ. Àwọn kan a rò pé abẹ́rẹ́ náà ń purọ́. Kò purọ́ rárá. Aláàárù ni kò sí.

Lójú kan, ní ibi tí irin ti gbóná jù, omi lè hó kí ó sì fi oru sílẹ̀ níbi tí omi yẹ kí ó wà. Ọ́ìlì tí ó dúró lórí irin gbígbóná a máa gbó ṣáájú àkókò rẹ̀. Rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì a máa gan díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ìpalára wọ̀nyí ń hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ yóò pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà.

4. Ọ̀RÀN TỌ́BÒ

Ibi tí pípa lójijì ti burú jùlọ ni nínú ọkọ̀ tí ó ní tọ́bò, bí ọ̀pọ̀ lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ńlá ti ní in, tí ọkọ̀ kékeré púpọ̀ sì ní in pẹ̀lú. Alfred Büchi, ará Siwitsaláǹdì, ni ó gba ìwé àṣẹ fún ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Èéfín gbígbóná tí ì bá jáde lófo ni a ń fi yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan, kẹ̀kẹ́ náà sì ń yí èkejì tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì. Eré kẹ̀kẹ́ yìí yani lẹ́nu: ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Orí ọ́ìlì tín-ín-rín ni ọ̀pá rẹ̀ ń léfòó sí, ọ́ìlì náà kan náà ni ó sì ń mú un tutù.

Bí a bá pa ẹ́ńjìnì nígbà tí tọ́bò ṣì pọ́n bí ẹ̀yin iná, ọ́ìlì kò dé ibẹ̀ mọ́. Ooru láti ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ èéfín a rọ́ wọ inú ọ̀pá, díẹ̀ nínú ọ́ìlì tí ó kù níbẹ̀ a sì jó di èédú líle, gẹ́gẹ́ bí epo pupa ti ń jó mọ́ ìdí agbada tí a gbàgbé sórí iná. Èédú náà a dí ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé, a sì máa ha ọ̀pá náà. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti wá oògùn sí i: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ titun, omi ń yí tọ́bò ká, nínú àwọn mìíràn pọ́ǹpù iná mànàmáná sì ń ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnì. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé òótọ́ ni ọ̀ràn náà.

5. Ọ̀NÀ TÍ Ó TỌ́

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Báyìí ni a ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ mú ẹ́ńjìnì:

Èkínní, kí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé ibi tí a ń lọ. Ní kílómítà méjì tàbí mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, kí dírẹ́bà dín eré kù, kí ó má sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Èyí dára ju dídúró lójú kan lọ, nítorí iná kò pọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìrìn ṣì ń fẹ́ sí rédíétọ̀.

Èkejì, kí a pa ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù, nítorí ó ń fi ẹrù kún ẹrù ẹ́ńjìnì, ó sì ń da ooru tirẹ̀ sí iwájú rédíétọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí a bá dúró láìtíì rí àyè dín eré kù, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa kùn jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tó fún ọkọ̀ kékeré. Fún lọ́rì ńlá tí ó ní tọ́bò, tí ó sì ti fa ẹrù gun òkè, ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni ó yẹ. Ìwé tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà bá kọ ni kí ó jẹ́ adájọ́ lórí èyí.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn kí ó ké ramúramù kí a tó pa á. Àwọn kan fẹ́ràn àṣà yìí, bí ẹni pé ẹ́ńjìnì ń dágbére fún ìlú. Ńṣe ni ó ń da iná titun sí ibi tí a ń gbìyànjú láti mú tutù.

Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn tí a bá ti pa á, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ fáànù. Nínú ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ ń lo iná mànàmáná, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí yí fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá tún gbóná sí i.

Kí a sì mọ̀ pé ohun gbogbo ní ìwọ̀n. Ọkọ̀ tí ó rọra rìn láti ọjà dé ilé kò nílò ìdúró kankan. A lè pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa kùn fún ìdajì wákàtí, epo ni ó ń fi ṣòfò. Bí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀mí ni ó ń fi wewu, nítorí májèlé kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, tí í pa ènìyàn bí ẹni sùn. Ìta gbangba ni kí a ti máa ṣe é.

6. OORU IṢẸ́ ÀTI OORU ÀÌSÀN

Ó kù ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àgbẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè tán, ara rẹ̀ a gbóná, òógùn a bò ó. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ibà mú, ara òun náà a gbóná, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnì. Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ jẹ́ ti ooru iṣẹ́: omi pé, pọ́ǹpù ń yí, abẹ́rẹ́ kò wọ ojú pupa. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá wọ ojú pupa, tàbí tí oru bá ń tú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àìsàn ni. Ó lè jẹ́ pé páìpù ti jò, tàbí pọ́ǹpù ti bàjẹ́, tàbí rédíétọ̀ ti dí. Kí dírẹ́bà yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí kò sí ewu, kí ó sì pa ẹ́ńjìnì. Bí omi bá ti jò tán, kò sí aláàárù tí yóò gbé ẹrù, bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnì kùn pẹ́ tó. Ooru nìkan ni a ó máa fi kún ooru.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí yìí a máa sé omi mọ́ pinpin, tí omi kò fi ní í tètè hó. Bí agbára tí ó fi sé e bá tó pọ́n-ùn 15 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, omi lásán kò ní í hó títí yóò fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 120. Ẹ rò ó wò: omi tí ó wà ní ìwọ̀n 115, tí ó dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ìdérí nìkan ni ó dá a dúró. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá ṣí i, apá kan rẹ̀ a di oru lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ju omi ìyókù sókè sí ojú ẹni tí ó dúró síbẹ̀. Níhìn-ín ni 540 kílókálórì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti di ọ̀tá: gbogbo ẹrù tí oru rù, awọ ara ọmọ ènìyàn ni ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ní ìgbà ìsinmi kan, àwa mẹ́rin láti kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tú oru ní orí òkè. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Dírẹ́bà sọ fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlá lọ, pé, "Lọ ṣí i kíá, kí a bu omi sí i." Ọmọ náà ti fi aṣọ wé ọwọ́, ó sì ti na ọwọ́ sí ìdérí, nígbà tí bàbá arúgbó kan nínú àwọn èrò ké sí i pé, "Ọmọ mi, yọ ọwọ́ rẹ!" Ó wá yí sí dírẹ́bà, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti wa lọ́rì rí. Òru kò tíì pa ẹnikẹ́ni nínú wa lórí òkè yìí, ṣùgbọ́n omi yẹn lè fọ́ ọmọ yìí lójú. Jẹ́ kí ó simi." Dírẹ́bà náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," gbogbo wa sì jókòó sábẹ́ igi. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ náà ṣí ìdérí; oru díẹ̀ ni ó jáde, ó sì parí. Páìpù rọ́bà kan ni ó ti sán. Wọ́n dí i, wọ́n bu omi sí i, a sì dé ilé ní òru. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó kùn nípa òru náà, nítorí ojú ọmọ náà mọ́ bí ìya rẹ̀ ti bí i.

Òfin rẹ̀ ni pé kí a dúró fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán, kí páìpù òkè rédíétọ̀ sì tutù tó láti fi ọwọ́ kàn, kí a tó ṣí ìdérí. Àní nígbà náà, kí a fi aṣọ nínípọn bò ó, kí a yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, kí a sì tú u díẹ̀díẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

7. OMI TÚTÙ LÓRÍ IRIN GBÍGBÓNÁ

Àṣìṣe kejì ni dída omi tútù sínú ẹ́ńjìnì tí ó ṣì gbóná janjan, tàbí sí orí rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí ju ìwé lọ: kò sí ẹni tí í da omi tútù sínú ìkòkò amọ̀ tí iná ti jẹ tí ó gbẹ, kí ó máa bàa là. Gíláàsì fìtílà tí omi ta sí a máa fọ́. Ohun tí ó fà á ni pé ibi tí omi kàn a súnkì lójijì, nígbà tí ibi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì fẹ̀; ìjà àwọn méjèèjì ni ó ń la ohun náà. Irin ẹ́ńjìnì lágbára ju amọ̀ lọ, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó wà lórí wọn. Orí ẹ́ńjìnì lè là, tàbí kí ó tẹ̀, kí gásíkẹ́ẹ̀tì má sì lè dí ojú rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni omi lè máa wọ inú ọ́ìlì, tí ọ́ìlì yóò sì di ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì tí a po pọ̀ mọ́ mílíìkì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, kí a bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ó wá orísun àìsàn náà.

8. BÍ A ṢE LÈ KỌ́ Ọ NÍ KÍLÁÀSÌ

Kò dìgbà tí a bá ní ọkọ̀ kí a tó kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Kí olùkọ́ wá irin kékeré méjì tí ó dọ́gba, kí ó fi ẹ̀mú mú wọn, kí ó sì mú wọn gbóná nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ó fi ọ̀kan sínú ife omi díẹ̀ tí ó dúró. Kí ó fi èkejì sínú ife kan náà tí a ń da omi tútù sí láìdúró, tí èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ń ṣàn dànù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan omi méjèèjì, tàbí kí wọ́n fi òṣùwọ̀n ooru wọ̀n wọ́n. Wọn yóò rí i fúnra wọn pé omi tí ń ṣàn kò gbóná, àti pé omi tí ó dúró ti gba ooru tí kò rí ibi gbé e lọ. Nígbà náà ni kí olùkọ́ béèrè pé, "Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó dà bí ẹ́ńjìnì tí a pa lójijì?" Bí ọmọ kan bá dáhùn dáradára, ẹ̀kọ́ náà ti wọlé. Olùkọ́ nìkan ni kí ó súnmọ́ iná.

Lẹ́yìn èyí, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Aláàárù mélòó ni ń kó ooru jáde láti inú ẹ́ńjìnì, kí sì ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ooru fi lè gòkè lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnì?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ooru iṣẹ́ àti ooru àìsàn, kí sì ni a ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?
4. Kí ni ó mú kí oru omi bó ènìyàn lára ju omi híhó lọ?
5. Bí ẹnìkan bá ní kí o ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ń tú oru, kí ni ìwọ yóò sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀?

Nínú ìbéèrè márùn-ún yìí, èyí tí ó kẹ́yìn ni kí olùkọ́ dúró lé jùlọ. Kí ó jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó sọ ìdáhùn rẹ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀, títí yóò fi mọ́ ọn lára; nítorí ọmọ tí kò bá ti sọ ọ́ rí ní kíláàsì kò ní í lè sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.